Ẹni Tí Kò Ka Ara Rẹ̀ Mọ́ Wọn

Bí èèyàn bá kúrò ní Ìkòròdú tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, yóò kọjá ní Agbowa, níbi tí mò ń gbé. Bó bá sì ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ wá sí Ìkòròdú, kò ní ṣàì tún kọjá níwájú ilé mi. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ ẹbí wa máa ń sinmi sí kó tó dé ibi tó ń lọ. Èmi ni Ìbíjọkẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, opó, àbúrò Bùsàrí tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní mo lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lẹ́nu, Ọlọ́hun ló fún mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dé Ẹ̀pẹ́.

Fàlílátù ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Ìyá rẹ̀ ṣaláìsí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé ohun tí kò bá lè sọ fún bàbá rẹ̀, èmi ló ń sọ ọ́ fún. Lọ́dún tó wọ yunifásítì, ó wá bá mi pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń ṣe bíi ti ẹni tó jí ẹran mú nínú ọbẹ̀.

“Mọ́mì Agbowa, wọ́n ti gbà mí. Àmọ́ kì í ṣe ètò ọrọ̀ ajé nìkan o. Ètò ọrọ̀ ajé àti kọ̀ǹpútà ni. A máa kọ́ méjèèjì pọ̀, a ó wá gba ìwé ẹ̀rí kan.”

“Kí ló wá burú níbẹ̀?”

“Dádì ò ní gbà. Ẹ bá mi bá wọn sọ ọ́, mà.”

Mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi létí ọ̀sà, wọ́n ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojú ihò ara ọkọ̀ tuntun kan. Wọn ò gbójú sókè títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Ìbíjọkẹ́,” wọ́n ní, “ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń kan ọkọ̀, mi ò da nǹkan kan pọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni ọmọ mi ń kọ́, kí ni kí n wí? Kí n ní ìdajì èyí, ìdajì tọ̀hún?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀yin náà, ṣé igi nìkan lẹ mọ̀ ni? Ta wá ni mo ń wò tó ń fi òwú dí ihò yìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fi ẹ̀rín náà pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀rín wọn. “Ó dáa,” wọ́n ní. “Àmọ́ bó bá pòfo, ìwọ ni n ó mú.”

Báyìí ni mo ṣe di onígbọ̀wọ́ fún ẹ̀kọ́ tí n kò mọ orí n kò mọ ìdí rẹ̀.

*

Ó di ọdún kẹrin. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Fàlílátù ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́fà, nítorí èmi ni mo ń ní kó tún un sọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wọn jẹ́ méjìlélógójì. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni gbogbo wọn ń kọ́, àmọ́ ọwọ́ àwọn kan yá jù nínú ọrọ̀ ajé, ti àwọn kan yá jù nínú kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka náà sọ pé méjì méjì ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ẹnì kan láti apá kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní kí Fàlílátù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ọrọ̀ ajé ló wà, kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí yóò so wọ́n pọ̀, kí ìjà má baà sí.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kálukú yóò kọ orúkọ àwọn tó wù ú, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó wù ú jù. Àwọn apá kọ̀ǹpútà ni yóò máa béèrè, àwọn apá ọrọ̀ ajé ni wọn yóò máa wá bá. Ẹni tí wọ́n wá bá yóò di ẹni tó wù ú jù nínú àwọn tó dé mú ná. Bí ẹni tó tún wù ú ju ìyẹn lọ bá dé, á tú ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, onítọ̀hún á sì lọ bá ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa lọ títí kò fi ní sí ẹni tó ń béèrè mọ́.

“Alárinà ni kọ̀ǹpútà yìí nígbà náà,” ni mo wí.

“Alárinà ni, Mọ́mì. Èyí tí kì í ṣojúsàájú.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò níwájú gbogbo kíláàsì, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní méjì méjì, títí ó fi di ogún ọ̀nà. Ẹnì kan wá ṣẹ́ kù sílẹ̀. Mujeeb Fàsásì ni.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ara Fàlílátù gbóná, ó rò pé ètò òun ti dà rú. Ó ṣí fọ́ọ̀mù Mujeeb wò. Níbi tí àwọn yòókù ti kọ orúkọ mẹ́wàá, orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Fàlílátù Bùsàrí. Kọ̀ǹpútà sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé ọmọ mi. Ó ti tẹ orúkọ èèyàn mọ́kànlélógójì sínú rẹ̀, kò tẹ tirẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òótọ́ ni pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àmọ́ kí èèyàn ka gbogbo ọmọ ọlọ́mọ tán kó wá gbàgbé ara rẹ̀!

Lẹ́yìn kíláàsì, Mujeeb dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin gíga ni, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò wà bó bá ń sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tó o fi kọ orúkọ kan?” Fàlílátù bi í. “Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó bá kọ orúkọ kan lè má rí ẹnikẹ́ni?”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló wá dé?”

“Mi ò rí ẹni tí n bá fi ṣe ìkejì ni.”

Fàlílátù gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, “Jẹ́ ká lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jàre.”

“Ṣé ó wù ọ́?” mo bi í.

“Mọ́mì! Pírójẹ́ẹ̀tì la fẹ́ ṣe.”

“Mo ti gbọ́,” ni mo wí.

*

Iṣẹ́ tí wọ́n mú ni bí àwọn apẹja àti àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ yóò ṣe máa tètè rí ara wọn kí ẹja tó bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí Mujeeb fi ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú wá sí Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo Sátidé, tó sì ń yà lọ́dọ̀ mi mu omi. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan dárúkọ Fàlílátù létí òun ni. Mo sì ń dárúkọ rẹ̀ fún un dáadáa, mi ò ṣahun.

Ọmọ Ìwó ni. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló sì tọ́ ọ dàgbà ní Ìkòròdú, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí èmi náà wà ní Ẹ̀pẹ́, Fàlílátù mú un lọ kí bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún pákó.

“Kí ni ìwọ ń kọ́?” ẹ̀gbọ́n mi bi í.

“Ètò ọrọ̀ ajé àti kọ̀ǹpútà, sà.”

“Ìwọ náà?” Wọ́n wo Fàlílátù, wọ́n tún wo Mujeeb. “Èèyàn méjì, eku mẹ́rin. Ẹ kú ìlépa o.”

Mujeeb ò bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbìyànjú láti kan pákó gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, orí kejì pákó náà ń mì. Ọmọkùnrin náà lọ síbẹ̀ láì jẹ́ pé wọ́n pè é, ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í mú. Títí wọ́n fi kan gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn tán, kò tú ọwọ́ sílẹ̀, kò sì sọ pé ó rẹ òun.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọwọ́ rẹ̀ dúró.” Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lẹ́nu wọn. Ogún ọdún ni ọ̀gá àwọn ọmọṣẹ́ wọn fi bá wọn ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi kún un pé, “Àmọ́ a ò mọ ilé wọn.”

*

Wọ́n jáde ìwé, wọ́n sì sin ilẹ̀ bàbá wọn tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Fàlílátù rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ẹ̀pẹ́. Mujeeb ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú, ó sì ń wá iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ. Odindi ọdún méjì kọjá. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í pe ara wọn lórí fóònù. Bí òjò bá rọ̀ ní Ìkòròdú, Fàlílátù á gbọ́ ọ ní Ẹ̀pẹ́. Bí orí bá ń fọ́ Fàlílátù, Mujeeb ò ní lè jẹun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, kò sọ ọ́.

“Ìgbà wo ló fẹ́ sọ ọ́?” mo bi ọmọ mi lọ́jọ́ kan.

“Nígbà tó bá rí iṣẹ́ gidi ni, Mọ́mì.”

“Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Kò sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ ni.”

Ẹ wá gbọ́ o! Àwọn méjì tó kàwé tó báyìí, mímọ̀ ni wọ́n ń mọ̀, wọn kì í sọ.

Nígbà tó ku oṣù kan kí Iléyá dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ìdílé Àbúdù, ìdílé ńlá ní Ẹ̀pẹ́, ti ránṣẹ́ sí wọn lórí Fàlílátù, fún ọmọkùnrin wọn tó ń jẹ́ Láńre. N kò ní purọ́ mọ́ Láńre: ó níwà, ó ń kírun, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Ìkẹjà.

“Mi ò tíì dá wọn lóhùn,” wọ́n ní. “Mo ní bí a bá ti ṣe Iléyá tán, n ó sọ̀rọ̀.”

“Mujeeb wá ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mujeeb wo? Ṣé ọmọ tó bá mi di pákó mú lọ́jọ́ kan? Ẹni tí kò tọrọ nǹkan, kí ni n ó fi dá a lóhùn? Ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé, a ò mọ ìpìlẹ̀ wọn. Eku méjì yẹn ló sì ń lé títí di òní.”

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀: kò tọrọ.

*

Ní ọjọ́ kẹta, Fàlílátù dé sí Agbowa. Mò ń bó ẹ̀gúsí. Ó jókòó tì mí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

“Mọ́mì, ẹ rántí ètò tí mo kọ nígbà yẹn? Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò sọ fún yín.”

“Kí ni?”

“Wọ́n kọ́ wa pé nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, apá tó bá ń béèrè ló máa ń rí èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tó ṣeé ṣe fún un. Apá tó bá jókòó tó ń retí, inú àwọn tó wá bá a nìkan ló ti lè mú. Bó ti wù kó gbọ́n tó, kò lè mú ẹni tí kò wá.” Ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́. Mo dán an wò ní igba ọ̀nà. Ẹ wá wò ó, ibi tí wọ́n ti ń retí ni mo lọ jókòó sí. Ọdún méjì, Mọ́mì.”

“Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?”

“Ẹ bá mi lọ tọrọ rẹ̀.”

Abọ́ ẹ̀gúsí fẹ́ẹ̀ dà nù lẹ́sẹ̀ mi. “Kí wọ́n lọ tọrọ ọkùnrin? Fàlílátù, ṣé orí rẹ pé báyìí? Bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ bá gbọ́ ńkọ́?”

“Kì í ṣe àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù.” “Bó bá ní òun ò fẹ́ ńkọ́? Bóyá èmi nìkan ni mò ń ro gbogbo rẹ̀. Bóyá eré ló fi orúkọ kan yẹn ṣe. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí Dádì ti sọ ọ̀rọ̀ Láńre. Àmọ́ ó sàn kó kọ̀ mí ju pé kí n má mọ̀ láéláé lọ.”

Ó yẹ kí n bá a wí. Gbogbo ẹnu tí mo ní yìí, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n lò ó. Àmọ́ Ọláòtán ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Tíṣà bíi tèmi ni, ilé ìwé kan náà la jọ wà fún ọdún mẹ́rin nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge. Lójoojúmọ́ tí a bá jáde, ó máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì wa. Mò ń retí pé kó sọ ọ́. Mo retí, mo retí, títí wọ́n fi gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ ọkọ, ọkọ dáadáa ni, mo sin ín, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a pàdé níbi ìsìnkú ọ̀gá wa àtijọ́. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Ó jókòó tì mí, ó ní, “Ìbíjọkẹ́, mo rò pé o ò fẹ́ràn mi ni. O ò sọ nǹkan kan rí.” Mo ní, “Ìwọ náà ò sọ nǹkan kan.” A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo wo Fàlílátù. Mo wá rántí Ìyá wa Khadija. Ṣebí òun ló rán obìnrin kan sí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, pé kí ó lọ bi í bóyá yóò fẹ́ òun? Ta ló tó pe ìyẹn ní àìnítìjú?

“Nu ojú rẹ nù,” mo ní. “Ọ̀la ni n ó lọ.”

*

Mo bá ìyá Mujeeb nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní Ìkòròdú. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fò dìde, wọ́n fẹ́ fà mí sókè, wọ́n ní kí ló dé tí àgbàlagbà bíi tèmi ń kúnlẹ̀ fún àwọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kúnlẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ́ lórí ìdúró.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n máa ń ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, àwọn wá já a. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń rò ó láti Agbowa: wọn kì í pe ọkùnrin ní òdòdó. Kí wá ni n ó pè é? Nígbà tí ẹnu kò rí nǹkan mú, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, igi kan wà lágbàlá yín. Ọmọ wa ti ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí n wá bi yín bóyá ẹ lè fi fún òun.”

Wọn ò kọ́kọ́ gbọ́ mi yé. Mo wá sọ ojú abẹ níkòó. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Èmi ni mo dá a dúró,” wọ́n ní. “Ó fẹ́ wá láti èṣí. Èmi ni mo ní kó má lọ. Mo ní àwọn onílé Ẹ̀pẹ́ ò ní fi ọmọ fún ayálégbé, mo ní kó jẹ́ kí iṣẹ́ ńlá dé ná kí wọ́n má baà fi ọmọ mi ṣẹ̀sín. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni.”

Èmi náà jókòó sílẹ̀ tì wọ́n. Àwa ìyá, ìfẹ́ wa náà máa ń dí ọ̀nà nígbà mìíràn.

Mujeeb ti ilé ìwé dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní etí ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ṣé kò sí o, mà? Kí ló ṣe Fàlílátù?”

“Nǹkan kan ò ṣe é. Òun ló rán mi. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wàá fẹ́ òun.”

Ó jókòó sórí aṣọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Ọwọ́ rẹ̀ tí kì í mọ ibi tí yóò wà yẹn, ó fi méjèèjì bojú.

“Ẹ bá mi sọ fún un pé fọ́ọ̀mù mi ṣì wà bó ṣe wà, mà. Orúkọ kan náà ni. Mi ò tíì rí ìkejì.”

*

Ẹ̀gbọ́n mi ló kù. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ wọn.

“Ìbíjọkẹ́! O lọ fi ọmọ mi lọ̀? O gbé ọmọ Bùsàrí kiri bí ẹja tí kò tà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló rán ẹni sí Ànábì?”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú òòlù wọn nílẹ̀. Wọn kì í pa Jímọ́ọ̀ kan jẹ láti ìgbà èwe wọn, wọ́n mọ ìtàn náà jù mí lọ.

“Khadija ni,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Fàlílátù dà?”

Ó ti wà lẹ́yìn wa. Ó jáde, ó kúnlẹ̀.

“Ìwọ lo rán wọn?”

“Èmi ni, Dádì.”

“Bó bá ti kọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Ǹ bá ti sunkún, Dádì, n bá sì ti mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ìdajì èyí, ìdajì tọ̀hún. Bí mo bá fẹ́ Láńre báyìí, ìdajì ọkàn mi ni n ó gbé lọ síbẹ̀.” Ó gbójú sókè wò wọ́n. “Ẹ ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ẹyọ kan péré ni mò ń lé, Dádì.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ọ̀sà. Mo rí i pé èjìká wọn ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí mo rí etí wọn tó ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀rín ni, wọ́n ń fi í pamọ́ sínú omi. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ojú wọn ti le bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. N ó lọ sí Ìwó fúnra mi lọ wádìí ilé wọn. N ó bẹ àwọn Àbúdù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò kúkú ṣe ìlérí fún wọn. Bí mo bá sì dé, ọmọ yẹn àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá tọrọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ. Pé obìnrin ló kọ́kọ́ ránṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìbíjọkẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí jù.”

“Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi,” ni mo wí. Ẹ̀yin náà gbọ́.

Wọ́n lọ sí Ìwó, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n dé pẹ̀lú ìròyìn pé ẹ̀gbọ́n bàbá Mujeeb mọ igi dáadáa. Lójú wọn, ìwádìí ti parí nìyẹn. Nígbà tí Mujeeb àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mi bi í níwájú gbogbo èèyàn pé kí ló dé tó pẹ́ tó báyìí.

“Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, sà.”

“Ẹ̀rù mi?” Wọ́n wo Fàlílátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Àwọn kan wà nínú ilé yìí tí kò bà.”

*

Wọ́n fi yìgì sí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá, ní mọ́sálásí tó wà nítòsí ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, kékeré tó mọ níwọ̀n. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, Fàlílátù wá sí Agbowa pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí a lè kọ orúkọ ẹbí tí yóò jókòó síwájú. Mò ń pè é, ó ń tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn, mo sì ti ń múra àtiyẹ̀ba, nítorí bí a bá mojú ìyàwó tán, alárinà á yẹ̀ba.

“Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,” mo ní. “Ó tán.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Mọ́mì?”

“Mo ka gbogbo wọn. Mo ka bàbá rẹ, mo ka àwọn ẹbí wa tó wà ní Ìdó, mo tilẹ̀ ka àwọn tí kò kí wa kú ọdún.”

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀.

A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín débi pé adìyẹ sá kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. “Ẹ̀jẹ̀ wa ni,” Fàlílátù ń wí, “Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ wa ni!” Ó tẹ Ìbíjọkẹ́ síbẹ̀, ní ìlà kìíní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó wá dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

“Ta ni kí n kọ tẹ̀ lé yín?”

Mo fẹ́ sọ pé kò sí. Ó ti dé ẹnu mi. Àyà mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù bíi ti ọmọge, èmi tí mo ti pé ọgọ́ta ọdún ó lé. Mo mú ẹ̀gúsí kan, mo bó o, mo tún mú òmíràn.

“Fàlílátù, ṣé o mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ta ló wà níbẹ̀?”

Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Mo sọ àdúgbò. Mo sọ àwọn ọdún mẹ́rin yẹn, àti ẹnu ọ̀nà ilé wa, àti ọwọ́ tó máa ń ká sẹ́yìn. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó mú bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́.

“Bí mo bá débẹ̀, mà, kí ni kí n sọ?”

“Sọ fún un pé Ìbíjọkẹ́ ló ní kí o wá béèrè.”